Àdúgbò Kan ní Káírò, Ìwé Kan, àti Ìlérí tí Kò Yẹ̀

Bí ènìyàn bá dúró níwájú Mọ́sálásí Hussein ní ìlú àtijọ́ Káírò, tó wo òdìkejì títì, Al-Azhar ni ojú rẹ̀ máa bá. Títì kan ló la àwọn méjèèjì láàárín. Láti nǹkan bí ọdún 970 ni Al-Azhar ti wà níbẹ̀, ó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Kùránì àti òfin ẹ̀sìn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ Oxford. Àwọn àáfà wa náà mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kàwé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ mìíràn ló kàwé lọ́wọ́ ẹni tó débẹ̀. Ṣéẹ̀ù Ádámù Al-Ìlọ̀rí, tó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952 kó tó gbé e lọ sí Agége, wá ìmọ̀ dé Íjíbítì. Ohun tí Al-Azhar bá sọ nípa ìwé kan, kì í ṣe Káírò nìkan ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ.

Nítòsí mọ́sálásí yẹn, ní àdúgbò Gamaliya, ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1911. Ìrọbí ìyá rẹ̀ le. Dókítà tí wọ́n pè ni Naguib Mahfouz, Kristẹni, ọmọ ìjọ Kópítì, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Káírò nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí. Nígbà tí tìyá tọmọ yè é, bàbá ọmọ, Mùsùlùmí tó di ẹ̀sìn rẹ̀ mú ṣinṣin, gba orúkọ dókítà náà lódindi, ó fi sọ ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ kí ìtàn òǹkọ̀wé yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àwọn kan wá ń pè ní ọ̀tá Ìsìláàmù nígbẹ̀yìn, orúkọ tó jẹ́ títí dọjọ́ ikú jẹ́ ọpẹ́ tí ilé Mùsùlùmí kan dá lọ́wọ́ Kristẹni.

Hára ni wọ́n ń pe irú ibi tí wọ́n bí i sí. Òpópó tóóró ni, ọ̀pọ̀ wọn kò jáde síbì kankan, ilé fara ti ilé, láyé àtijọ́ wọ́n sì máa ń ti ẹnubodè rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Olówó ń gbé ibẹ̀, tálákà ń gbé ibẹ̀. Hára kọ̀ọ̀kan ní géńdé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní fútúwà: òun ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ géńdé àdúgbò mìíràn, òun náà ló sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Ní ilé kọfí, akéwì a jókòó pẹ̀lú gòjé rẹ̀, a máa sọ ìtàn àwọn akọni ìgbàanì. Ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọdún méje nígbà tí ìlú dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó sì rí i láti ojú fèrèsé bí àwọn sójà ṣe ń yìnbọn lu àwọn tó ń wọ́de. Nígbà tó yá, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Abbasiyya. Ṣùgbọ́n Gamaliya kò kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní láti sọ fún ayé, hára ló ń fi sọ ọ́.

Kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́ tí ìwé dá ìjọ̀gbọ̀n sílẹ̀ fún ní ìlú yẹn. Ní 1925, Ali Abd al-Raziq, tó jẹ́ ọmọ Al-Azhar àti adájọ́ kóòtù ẹ̀sìn, kọ ìwé kan pé Ìsìláàmù kò pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kó ní kàlífà. Ọdún tó ṣáájú ni Túrkì fagi lé oyè kàlífà, ojú ọba Íjíbítì sì wà lára oyè náà. Àáfà àgbà 24 jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀, iṣẹ́ adájọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ló kan Taha Hussein. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré. Al-Azhar ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kó tó di ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì tuntun ti Káírò ní 1914, ó sì lọ sí Paris. Ìwé tó kọ ní 1926 sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ewì tí wọ́n ní àwọn Lárúbáwá ké kí Ìsìláàmù tó dé, lẹ́yìn tí Ìsìláàmù dé ni wọ́n hun ún. Ìyẹn nìkan ì bá jẹ́ àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan ìtàn Ànábì Ìbúráhímù àti Ìsìmáílà lọ́nà tó dun àwọn onígbàgbọ́ dé egungun. Wọ́n pe ẹjọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba tó gbọ́ ẹjọ́ náà, Muhammad Nur, ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ kò ti dúró. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ní 1927, ó pa ẹjọ́ náà dé: ẹni tó ń wá ìmọ̀ ni, kò gbèrò láti bú ẹ̀sìn. Taha Hussein fúnra rẹ̀ yọ apá tó dun àwọn ènìyàn, ó yí àkọlé padà, ó sì tún ìwé náà gbé jáde lọ́dún kan náà. Àwọn kan pe ìyẹn ní ojo. Èmi rò pé ẹni tó yọ abala kan tó sì fi gbogbo àríyànjiyàn rẹ̀ yòókù sílẹ̀ lójú ayé kò tíì sá. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ Káírò wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ: wọ́n lè ka ìwé kan kí wọ́n tó dá a lẹ́bi.

Mahfouz wọ yunifásítì ní 1930, ìmọ̀ ọgbọ́n orí ló kà, ó jáde ní 1934. Lẹ́yìn rẹ̀ ló di òṣìṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ọba ló sì ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò ní ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ogún mọ́sálásí àti ti ẹ̀sìn. Lálẹ́ ló ń kọ̀wé. Ní 1956 àti 1957 ni ìwé rẹ̀ mẹ́ta lórí ìdílé kan ní Káírò jáde, tí gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá sì gbà pé kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti parí ìwé wọ̀nyẹn kí àwọn ológun tó lé ọba lọ ní 1952, láti ìgbà yẹn kò sì tíì kọ ìtàn kankan. Ó ní àwùjọ tí òun ń bá wí ti kọjá lọ. Ọdún bí i márùn-ún ló fi dákẹ́.

Ohun tó fi la ẹnu ni *Àwọn Ọmọ Àdúgbò Wa*. Ìwé ìròyìn Al-Ahram bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, 1959. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, Gebelawi, tó ń gbé ilé ńlá tó ní odi ní etí aṣálẹ̀. Ó lé ọmọ rẹ̀ Adham jáde kúrò nínú ọgbà. Àwọn ọmọ Adham pọ̀ sí i, wọ́n di hára, àwọn géńdé sì gùn wọ́n lórí. Ìran lẹ́yìn ìran, ọkùnrin kan a dìde láàárín wọn tí yóò sọ pé Gebelawi bá òun sọ̀rọ̀, a gbà wọ́n sílẹ̀. Bí ó bá kú, wọn a gbàgbé, ìyà a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń jẹ́ Gabal, èkejì Rifaa, ẹ̀kẹta Qasim. Kò sí Mùsùlùmí tó mọ ìtàn ẹ̀sìn rẹ̀ tí kò ní rí Ànábì Mùsá, Ànábì Ísà àti Ànábì Mùhámmádù lẹ́yìn wọn. Orí 114 ni ìwé náà ní, bí súrà inú Kùránì ṣe jẹ́ 114. Nígbẹ̀yìn, onídán kan tó ń jẹ́ Arafa, tí àwọn òǹkàwé gbà pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló dúró fún, yọ́ wọ ilé ńlá lóru láti wo ohun tó wà nínú ìwé àṣírí bàbá. Ó pa ìránṣẹ́ kan. Ìbànújẹ́ ọ̀ràn náà ló pa Gebelawi.

Ẹ jẹ́ kí a má fi ojú kékeré wo ohun tó dun àwọn ènìyàn. Mùsùlùmí tí kì í gbà kí wọ́n ya àwòrán Ànábì, ó ṣí ìwé ìròyìn tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní àárọ̀, ó rí ẹni tó dà bí Ànábì tó ń mu, tó ń jẹ, tó ń fẹ́ ìyàwó láàárín àwọn géńdé. Bí wọ́n sì ṣe gbà pé Gebelawi dúró fún Ọlọ́run, ikú rẹ̀ ká wọn lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni ìrora wọn. Àwọn àáfà Al-Azhar pariwo pé kí wọ́n dá a dúró. Olóòtú Al-Ahram, Mohamed Hassanein Heikal, tó sún mọ́ Ààrẹ Nasser, kò dá a dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ tán ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ìjọba Nasser kò fẹ́ bá Al-Azhar jà nítorí ìtàn àròsọ. Hassan Sabri al-Khouli, aṣojú Ààrẹ, bá Mahfouz sọ̀rọ̀ pé kó má tẹ ìwé náà ní Íjíbítì láìjẹ́ pé Al-Azhar fọwọ́ sí i. Bó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, kò sí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Mahfouz gbà. Kò sọ pé ìwé òun burú. Kò yọ orí kan kúrò, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé òun ṣẹ̀. Ohun tó ń sọ títí ni pé wọ́n ṣì í kà, pé òun kò gbé ìwé náà dìde sí Ọlọ́run. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ́ ìwé tó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tó kọ. Ní 1967, ilé ìtẹ̀wé Dar al-Adab gbé e jáde ní Beirut. Àwọn ará Káírò tó fẹ́ kà á ń rà á lábẹ́lẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà tutù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, 1988, wọ́n kéde pé Mahfouz ló gba ẹ̀bùn Nobel, ọdún méjì lẹ́yìn tí Wole Soyinka tiwa gba tirẹ̀. Kò sí òǹkọ̀wé èdè Lárúbáwá tó gbà á rí. Òun kò lọ sí Stockholm. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ló lọ gbà á. Àwọn tó fún un ní ẹ̀bùn mẹ́nu ba *Àwọn Ọmọ Àdúgbò Wa*, ojú ọgbẹ́ àtijọ́ sì tún là. Ní oṣù tó ṣáájú ni ìwé òǹkọ̀wé Salman Rushdie, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kà sí èébú, ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Kejì, 1989, Khomeini ti Ìráànì pàṣẹ pé kí wọ́n pa Rushdie.

Ohun tí Mahfouz ṣe nígbà náà ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé wa kà dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ síta pé ẹ̀rù ni Khomeini ń dá ba àwọn onírònú. Òun àti bí i 80 ẹlòmíràn fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ pé kò sí ìsọkúsọ tó ba Ìsìláàmù jẹ́ tó ìpè pé kí wọ́n pa òǹkọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ìwé Rushdie lárugẹ. Ó ní èébú wà nínú rẹ̀, ó ní òun fara mọ́ ọn pé kí àwọn ènìyàn má rà á kí àlàáfíà lè wà láwùjọ, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá fi ìyẹn ṣe bojúbojú láti de ìrònú. Ó sì ní ibi tí Khomeini ṣe fún Ìsìláàmù kò kéré sí èyí tí òǹkọ̀wé náà ṣe. Ìhà méjèèjì bínú sí i. Àwọn òǹkọ̀wé kan fẹ́ kó dúró gbọnin-gbọnin lẹ́yìn Rushdie láìní àfikún. Àwọn onítara ẹ̀sìn kò fẹ́ gbọ́ àfikún kankan. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Ṣéẹ̀ù Omar Abdel-Rahman sọ pé ká ní wọ́n ti fìyà jẹ Mahfouz nítorí ìwé 1959 ni, Rushdie kì bá tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba ní kí ọlọ́pàá máa ṣọ́ ọ. Ó kọ̀ ọ́. Ẹni tó ti pé 77, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ojú àti etí rẹ̀ ń lọ, ṣì ń rìn lójú pópó Káírò bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, ó ń lọ sí ilé kọfí lọ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́.

Ẹlòmíràn ni ìbọn kọ́kọ́ bà. Ní oṣù Kìíní 1992, níbi ọjà ìwé Káírò, òǹkọ̀wé Farag Foda bá àwọn aṣáájú Mùsùlùmí jiyàn lójú èrò rẹpẹtẹ lórí bóyá kí ẹ̀sìn máa ṣe ìjọba. Ṣéẹ̀ù Muhammad al-Ghazali wà lára àwọn tó dojú kọ ọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, wọ́n yìnbọn pa Foda. Nígbà tí ẹjọ́ àwọn apààyàn dé kóòtù ní 1993, al-Ghazali jẹ́rìí pé ẹni tó bá pa ẹni tó fi Ìsìláàmù sílẹ̀ kàn kọjá àyè rẹ̀ ni, òun kò sì mọ ìyà kan tí òfin ẹ̀sìn là sílẹ̀ fún un. Mo ti ka àlàyé lórí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. N kò rí èyí tó mú un fúyẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 1994, ọdún mẹ́fà àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìkéde Nobel. Mahfouz, ẹni ọdún 82, jáde nílé ní Agouza létí odò Náílì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa ń pàdé lọ́ọ̀sẹ̀. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sún mọ́ ọn, ó rò pé ẹni tó fẹ́ kí òun ni. Ọ̀bẹ ló fi gún un lọ́rùn. Ilé ìwòsàn ọlọ́pàá wà nítòsí ibẹ̀, ìyẹn ni Ọlọ́run fi yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní òun kò ka ọ̀rọ̀ kan rí nínú ohun tí Mahfouz kọ. Wọ́n ti sọ fún un ni. Ní 1995 ni wọ́n pa òun àti ẹnìkan mìíràn ní ìdájọ́ ikú.

Muhammad al-Ghazali lọ bẹ Mahfouz wò ní ilé ìwòsàn. Òun kan náà tó ti ń tako ìwé náà, òun kan náà tó jẹ́rìí ní kóòtù, lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí wọ́n ṣe. Mahfouz gbà á lálejò. Àwọn baba wa ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jọ lójú ayé, kó wo yàrá yẹn. Ahmed Kamal Abu al-Magd náà lọ kí i, amòfin tó jẹ́ onírònú Mùsùlùmí. Mahfouz sọ fún un pé ìtàn òun ń sọ pé àwùjọ kò lè dá dúró láìsí Gebelawi, kò sì lè dá dúró láìsí Arafa. Abu al-Magd lọ kọ ọ́ sínú Al-Ahram bó ṣe gbọ́ ọ.

Láàárín àkókò kan náà, ìwé ìròyìn al-Ahali tẹ odindi *Àwọn Ọmọ Àdúgbò Wa* láìgba àṣẹ, láti fi han àwọn tó gbé ọ̀bẹ pé ọ̀bẹ kò lè pa ìwé. Ó tà tán kíákíá. Ọkàn mi máa ń fẹ́ yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìwé náà wà lórí ibùsùn tí ọrùn rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ó sì ń sọ pé òun kò fọwọ́ sí i, pé òun ti ṣe ìlérí.

Ọ̀bẹ yẹn ba iṣan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó fi ọwọ́ yẹn kọ ìwé tó lé ní 30 tún ń kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni, bí ọmọ ilé-ìwé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òǹkọ̀wé Mohamed Salmawy a wá, Mahfouz a máa sọ̀rọ̀, Salmawy a kọ ọ́ fún Al-Ahram. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọwọ́ náà gbọ́ràn díẹ̀. Ohun tó fi kọ ni àlá, kúkúrú kúkúrú, òmíràn kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Káírò kò tù lójú kan. Ní 1995, kóòtù dá a pé Nasr Hamid Abu Zayd, olùkọ́ yunifásítì tó kọ̀wé lórí bí a ṣe ń ka Kùránì, kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́, wọ́n sì ní ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ sá lọ sí Hólándì. Ní 2000, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Al-Azhar wọ́de nítorí ìwé ìtàn àròsọ ọmọ Síríà kan tí ilé-iṣẹ́ àṣà ìjọba tún tẹ̀. Lójú gbogbo èyí, ní ìgbẹ̀yìn ayé Mahfouz, ilé ìtẹ̀wé kan fẹ́ gbé *Àwọn Ọmọ Àdúgbò Wa* jáde ní Íjíbítì. Ó ní àfi bí Al-Azhar bá fọwọ́ sí i, kí Abu al-Magd sì kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Inú bí àwọn òǹkọ̀wé ìran tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní bí ẹni tó gba Nobel bá fi kọ́kọ́rọ́ lé àáfà lọ́wọ́, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún àwọn tí kò ní orúkọ? Òótọ́ wà nínú ìbínú wọn. Bí mo ṣe bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí tó, mo rò pé ó ṣe ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀: ìlérí tó ṣe ní 1959 jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo òǹkọ̀wé Íjíbítì ni yóò máa gbé ẹrù àṣẹ tó fún Al-Azhar. Síbẹ̀ n kò lè pè é ní ojo. Ojo kì í kọ ọlọ́pàá tó fẹ́ ṣọ́ ọ.

Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, 2006, ní ilé ìwòsàn ọlọ́pàá ní Agouza kan náà. Ìjọba ṣe ìsìnkú ológun fún un ní mọ́sálásí mìíràn lóde ìlú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e débẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí Mọ́sálásí Hussein, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ kó tó kú, wọ́n sì kírun sí i lára níbẹ̀, ní òdìkejì títì sí Al-Azhar. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, Dar al-Shorouk tẹ *Àwọn Ọmọ Àdúgbò Wa* ní Káírò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Abu al-Magd nínú rẹ̀. Ọdún 47 ló fi dúró kó tó wọlé. Orúkọ dókítà Kópítì nì ló wà lára èèpo rẹ̀.